Dókítà Faransé àti Ààwẹ̀ Màmá Àgbà

Nínú gbogbo àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Atlanta, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tó mi. Mi ò fọ́nnu o, ẹ béèrè. Àwọn tí wọ́n bí síbí, bí ìyá wọn bá fi Yorùbá pè wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dáhùn. Èyí tó bá tiẹ̀ gbìyànjú nínú wọn, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ohùn mi ló bá mi wọ bàálù. Torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé èmi ni mọ́mì ní kí n mú màmá àgbà lọ rí dókítà. Torí ẹ̀ náà ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe níbẹ̀.

Màmá àgbà ni ìyá tó bí mọ́mì mi. Télọ̀ ni wọ́n nílé, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni wọ́n ń rán, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tí mọ́mì mú wọn wá síbí pé kí wọ́n wá sinmi. Àpátímẹ́ǹtì wa ní College Park, lókè kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ airport, ibẹ̀ ni ibi ìsinmi náà. Bí bàálù bá ń balẹ̀, ṣíbí á máa gbọ̀n nínú abọ́. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó kan ní Fayetteville, double shift ni lọ́pọ̀ ìgbà. Dádì mi wà ní Houston pẹ̀lú ìyàwó míì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èmi ní tèmi, warehouse kan ní Forest Park ni mo wà, aago márùn-ún ìdájí sí aago kan àbọ̀ ọ̀sán. Mo ti lọ sí college o. Semester méjì, mo kúrò. Wọ́n lọ́ra jù. Ohun tí tíṣà á fi wákàtí kan ṣàlàyé, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti yé mi, oorun ni ìyókù. Ní warehouse, tí mo bá ti gba scanner lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè bá mi. Supervisor fúnra ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Nítorí náà, màmá àgbà nìkan ló máa ń wà nílé. Láàárọ̀, wọ́n á gbé àga sí bákónì, wọ́n á máa kí àwọn tó ń lọ sídìí mọ́tò wọn. Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣe jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà o. Ohùn wọn kì í ṣe kékeré, wọ́n ti fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀ borí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn èèyàn á kọjá lọ, earbud ti dí wọn létí. Lọ́jọ́ tí mo wà nílé, mo sọ fún wọn pé níbí yìí, kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn láti òkè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á dá mi lóhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àpárá ni.

Ní oṣù kìíní ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. A ò ní jẹun títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ká tó ṣínu. Màmá àgbà bá wa bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí aago mẹ́fà bá lù, tí mo bá sáré lọ sídìí ìkòkò, wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n á máa wo ògiri. Omi díẹ̀, ó tán. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ààwẹ̀ ni. Wọn ò jẹun, oṣù ààwẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí.

Aunty kan wà tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sunday kejì, wọ́n ní kí màmá àgbà dìde dúró. Wọ́n ní ẹ wo ìyá arúgbó yìí, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọn ò ṣínu, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ò lè rí búrẹ́dì kẹ́ ẹ mójú kúrò. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Aunty tẹjú mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo sì wo ilẹ̀, torí mo ti jẹ chicken sandwich kan nínú mọ́tò kí n tó wọlé. Màmá àgbà dúró láàárín àtẹ́wọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíì.

Ààwẹ̀ parí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ìrẹsì, jẹ ẹran, àwọn kan tiẹ̀ di tiwọn lọ sílé. Màmá àgbà ò jẹ. Nígbà tí mọ́mì fi ṣíbí ti ògì sí wọn lẹ́nu, wọ́n gba ṣíbí mẹ́ta, wọ́n pa ẹnu dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwa méjì péré la wà nílé, wọ́n yọ téèpù ìránṣọ wọn, wọ́n fi wọn ìbàdí ara wọn, wọ́n sì nà án sí mi kí n wò ó.

“Ṣé o rí i? Aṣọ nìkan ló dúró yìí. Kò sí ẹni nínú ẹ̀.”

Mo ní torí pé ẹ ò jẹun ni, màmá. Wọ́n ní ibo làwọn fẹ́ gbé oúnjẹ sí, kò sí ikùn, kò sí ìfun, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Wọ́n ká téèpù náà dáadáa, bí ẹni pé oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú wọn.

“Mo ti kú, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ ò tíì gbọ́.”

Nígbà tí mọ́mì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ju àpò iṣẹ́ wọn sílẹ̀. A kọ̀ ọ́, a kọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn títí ohùn wọn fi ha. Wọ́n pe aunty aládùúrà. Aunty ní ọ̀tá ló fẹ́ fi ẹnu màmá jẹ́wọ́ ikú lẹ́yìn irú ààwẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ká má tún ọ̀rọ̀ náà sọ, nínú ilé tàbí níta, torí ẹni tó bá tún un sọ ti bá ọ̀tá fọwọ́ sí i. Láti ìgbà yẹn, tí màmá àgbà bá ti la ẹnu, mọ́mì á ti fi àdúrà bò ó. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ parí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni a lọ sí clinic. Mọ́mì ò rí off gbà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí bóyá a fẹ́ ògbufọ̀ lórí fóònù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ wo? Èmi rèé.

Dókítà náà ti dàgbà, ọwọ́ ẹ̀ gbóná, kò kánjú. Ó wo màmá àgbà lójú, ó bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n. Mo túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé àwọn ti kú, pé kò sí ikùn, kò sí ẹ̀dọ̀, pé ọkàn àwọn ò lù mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Àmọ́ ẹ wò ó, kí ọmọ jókòó ti ìyá ìyá ẹ̀, kó wá la ẹnu sọ fún àjèjì pé ìyá yìí ti kú? Gbogbo ohùn aunty yẹn wá ń ró létí mi. Mo ní ó rẹ̀ wọ́n ni, oúnjẹ ò wù wọ́n.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀. Màmá àgbà wo ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn bó ṣe ń wọ inú ìgò, wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Mi ò túmọ̀ ìyẹn náà. Wọ́n fún wa ní fítámì àti mílíìkì inú agolo, kí wọ́n máa mu ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Agolo náà kún fíríìjì. Èmi ni mo mu èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kí mọ́mì lè rò pé ó ń dín kù.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà ní break, mo jókòó sórí pallet kan, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù mi: ìyá àgbà mi ní òun ti kú, òun ò ní ikùn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ìka mi ò sì gbọ̀n rárá. Fídíò kan jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa sáré ní ìlọ́po méjì, bí mo ṣe máa ń wo gbogbo nǹkan.

Ọ̀rọ̀ dókítà Faransé kan ni, láyé ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀. Dókítà ọpọlọ ni, ó sì tún jẹ́ dókítà àwọn tí orí wọn dàrú. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Paris ló ti kọ́ iṣẹ́, láàárín àwọn arúgbó obìnrin tí kò sẹ́ni tó wá wò wọ́n. Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá pa èyí kan nínú wọn, á ṣí agbárí ẹ̀, á wo ibi tí ọpọlọ ti bà jẹ́. Ogun dé, ó lọ tọ́jú àwọn sójà. Nígbà tó dé, ó lọ síṣẹ́ ní ilé kan lẹ́yìn ìlú Paris, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí. Ibẹ̀ ló ti pàdé obìnrin kan.

Obìnrin náà ní òun ò ní ọpọlọ, òun ò ní iṣan, òun ò ní àyà, òun ò ní ikùn. Ó ní awọ àti egungun ló kù. Ó ní òun ò nílò oúnjẹ mọ́.

Mo dá fídíò náà dúró. Forklift kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi pé kí n kúrò lọ́nà, mi ò gbọ́. Màmá àgbà mi nìyẹn. Màmá àgbà mi ní ìlú Faransé, nínú aṣọ gígùn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé dókítà yẹn ò fi í rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó jókòó tì í, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ó wá fi han àwọn dókítà yòókù pé àìsàn ni èyí, ó sì ní irú tiẹ̀. Orúkọ tó fún un, tí èèyàn bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè wa, á dà bíi àìsàn “kò sí”. Kò sí ikùn, kò sí ọkàn, kò sí èmi. Mo dìde, mo pa fídíò náà kó tó parí. Mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa pátá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n, èmi tí mo sá kúrò ní college ni mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Sunday, níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún mọ́mì. Bóyá bí mo ṣe sọ ọ́ ni ò dáa. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n jẹ́ kí n parí.

“O sá fún ìwé, ìwé lo wá ń kà fún mi.”

Mo ní mọ́mì, ẹ gbọ́ mi ná.

“Semester méjì ló sọ ẹ́ di dókítà? Obìnrin yẹn, ilé wèrè ló wà, ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́. Ìyá mi kì í ṣe wèrè. Màá fi ọwọ́ ara mi tọ́jú ìyá mi.”

Màmá àgbà wà nínú mọ́tò, gíláàsì wà lókè, wọ́n ń wò wá. A ò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin, mọ́mì ò bá mi sọ ju “ti ilẹ̀kùn” lọ.

Ọjọ́ karùn-ún, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá màmá àgbà lórí àga bákónì. Òtútù ń fẹ́, wọn ò sì kí ẹnikẹ́ni. Mo kí wọn, wọ́n wò mí, ẹnu wọn gbẹ, ó ti sán. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò mọ ohun tí màá sọ, ni mo bá yọ fóònù, mo ṣí fídíò yẹn níbi tí mo ti pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kó máa lọ jẹ́jẹ́.

Obìnrin yẹn kú. Kò jẹun, kò jẹun, títí ebi fi pa á. Dókítà ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, kò sì rí i gbà là. Ìparí fídíò náà wá kan dókítà fúnra ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ní àrùn ọ̀fun, irú èyí tó ń ràn. Ó jókòó tì í lójoojúmọ́, kò kúrò níbẹ̀, títí ara ọmọ fi yá. Àrùn náà wá mú dókítà fúnra ẹ̀, ó sì pa á.

Mo wo màmá àgbà. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé wọn sí mi lẹ́yìn, àbí kí n ní mo pọ̀n wọ́n, torí wọn ò wúwo mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo fi wọ́n sínú mọ́tò, ó di ọsibítù. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti pe mọ́mì.

Mọ́mì ti Fayetteville dé nínú aṣọ iṣẹ́ wọn kí dókítà tó ráàyè wọlé. Wọn ò bínú sí mi, ìyẹn ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Dókítà tó wọlé, obìnrin ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mọ́mì ṣàlàyé fún un pé ìyá àwọn gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, agbára wọn ò tíì padà. Dókítà tẹ̀ síwájú, ó ní kí mọ́mì bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ káwọn ṣe fún wọn. Mọ́mì bi wọ́n.

“Kí wọ́n sin mí,” màmá àgbà dáhùn. “Ó ti pẹ́ jù. Mo ti ń rùn mọ́ yín lára.”

Mọ́mì yíjú sí dókítà, wọ́n ní ó wu màmá àgbà kí wọ́n lọ sílé.

Mo mọ bí mọ́mì ṣe ṣe é. Èmi náà ti ṣe é rí, pẹ̀lú ohùn kan náà.

“Mọ́mì, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.”

“Pa ẹnu ẹ mọ́.”

Mi ò pa á mọ́. Mo kọjú sí dókítà, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹ̀ pátá: pé wọ́n ní wọ́n ti kú, pé wọ́n ní kí ẹ sin wọ́n, pé kò sí ikùn, pé ó ti lé ní oṣù kan, pé kì í ṣe ààwẹ̀, pé mo ti parọ́ fún dókítà kan ní clinic. Mọ́mì di ẹnu ara wọn mú bí ẹni pé àwọn ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu wọn.

Dókítà ò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n gbé ògbufọ̀ wá, ẹ̀rọ kan tó ní kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀, ohùn ọkùnrin Yorùbá kan sì ti inú ẹ̀ jáde, ó ń kí wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Dókítà tún ìbéèrè náà bi. Màmá àgbà tún èsì náà sọ. A gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ dákun, Mà. Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan bò ó. Dókítà fa àga, ó jókòó, ó béèrè òmíràn, òmíràn, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Màmá àgbà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn láti oṣù méjì lọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ bákónì náà, pé ojoojúmọ́ làwọn ń kí àwọn èèyàn, pé ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́ rárá ló wá yé àwọn pé àwọn ti kú. Mọ́mì jáde. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n dojú kọ ẹ̀rọ tó ń ta mínírà, èjìká wọn ń gbọ̀n.

Wọ́n dá màmá àgbà dúró síbẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú wọn fún oúnjẹ, wọ́n fún wọn ní oògùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn jẹ́ ti ọpọlọ. Mọ́mì sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Aunty aládùúrà ò pè mí mọ́. Nílé, èmi àti mọ́mì dà bí àwọn méjì tó jọ háyà yàrá: tí wọ́n bá wọlé, mo ti sùn, tí mo bá jí, wọ́n ti jáde tàbí wọn ò tíì dé.

Èmi tí mo ti rò pé wọ́n á kí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé bọ̀bọ́ yìí ló mọ̀ ọ́n, ẹ wò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n. Kódà mo sọ ìtàn dókítà Faransé yẹn fún ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́. Ó ní kí n sún, mo dí òun lọ́nà.

Gbogbo ọ̀sán ni mo ń lọ wò wọ́n, aago méjì àbọ̀ ti máa ń bá mi níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Oògùn náà jẹ́ kí ojú wọn máa wúwo. Mo ń wo fóònù, mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń rìn lọ síbi fèrèsé. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó. Nígbà míì, mo máa ń ronú nípa dókítà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ ẹ̀, bóyá òun náà mọ̀ ọ́n ṣe, àbí ńṣe ló ń ka àwọn pákó àjà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti yọ rọ́bà kúrò. Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀dùnkún gígún wá nínú abọ́ ike, ó fi ṣíbí kan kàn wọ́n lẹ́nu. Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ Monday, wọ́n á kàn jẹ́ kó yọ̀ jáde. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ẹnu wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá yí ojú sí mi, ojú tí mo mọ̀, ojú tí wọ́n máa ń fi wo aṣọ tí ọmọṣẹ́ rán wọ́.

“Ta ló se èyí? Kò níyọ̀.”

Mo bẹ nọ́ọ̀sì. Ó ní iyọ̀ ò dáa fún wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fún mi ní iyọ̀ inú bébà kékeré kan ṣoṣo. Mo wọ́n ọn sí i, mo pò ó. Wọ́n jẹ ṣíbí mẹ́fà. Mo kà á.

Mo jáde síta yàrá, mo pe mọ́mì níbi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé màmá àgbà ní ọ̀dùnkún yẹn ò níyọ̀. Mo ń gbọ́ aago tí àwọn arúgbó fi ń pè wọ́n, ó ń dún lẹ́yìn wọn, ọ̀kan, òmíràn.

“Ṣé wọ́n gbé e mì?”

Mo ní wọ́n gbé e mì.

Wọ́n ní ẹnì kan ń pe àwọn, wọ́n sì pa fóònù. Mo dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á tún pè. Mo padà wọlé. Màmá àgbà ti sùn, ọ̀dùnkún wà ní igun ètè wọn. Mo fi tíṣù nù ún. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń retí mi títí di ìdájí ọ̀la. Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn, mo pa fóònù mi, mo jókòó.